Orí Kẹrin: Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Àká Keje

"Ènìyàn kan wà nínú àká keje," Alákòóso wí. "Ẹ jẹ́ kó jáde kí n tó yí ẹ̀rọ."

Ìgbà kọkànlá tó máa sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń kí àwọn òṣìṣẹ́ káàárọ̀ náà ló sì fi ń sọ ọ́. Kò bínú, kò kánjú. Ẹ̀rọ ni, ta ni yóò bá a jà? Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú àká keje. Wọ́n ti ka gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní gbàgede, àwọn mọ́kànlélógójì tó wọlé láàárọ̀ ló pé síbẹ̀, tí wọ́n tò sínú ọyẹ́, tí wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá nítorí òtútù. Bẹ́líìtì gígùn tó máa ń kó àgbàdo láti ẹnu àká mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sí ẹnu odi dúró gbagidi. Lẹ́yìn odi, àwọn èrò tí ọ̀dá lé wá láti Ìgbòho, láti Ìgbẹ́tì àti láti abúlé tí kò sí ẹni tó kù níbẹ̀ mọ́, ti wà lórí ìlà láti ìdájí. Àpò òfìfo ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti ń pariwo.

Fẹ̀yìntọ́lá jókòó síwájú pátákó Alákòóso, ife ẹ̀kọ gbígbóná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sí olùpè kan ní gbogbo Òkè-Àká tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e kọ́. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Olùpè. Olùpè kò tóbi ju ìdérí ìkòkò lọ, funfun ni, pẹlẹbẹ ni, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyí: á máa bi afẹ́fẹ́ léèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Àmì tó wà lábẹ́ awọ apá ẹni, èyí tí wọ́n ń fi sí ọmọ lára ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bá sọ ọ́ lórúkọ tán, ni yóò dáhùn. Ẹnu kì í mọ̀ sí i. Olùpè á kó ìdáhùn jọ, á fi ránṣẹ́ sí Alákòóso, Alákòóso á wá sọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí àti ẹ̀rọ tí yóò yí. Wọ́n kọ òfin rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri yàrá náà: IBI TÍ ÀMÌ BÁ TI DÁHÙN, ÈNÌYÀN WÀ NÍBẸ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Akínrìnádé, alábòójútó Òkè-Àká, ni ó wọlé, eruku ọyẹ́ ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyá Olùpè, kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yín yìí?"

"Kò ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan, ọ̀gá. Ó ń gbọ́ ìdáhùn ni."

"Ìdáhùn ta ni? Ṣé kì í ṣe ojú wa báyìí la fi ka gbogbo wọn?"

"Olùpè ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ àká keje ló ń gbọ́ ọ. Láti àná tí a ti ń fa àgbàdo ibẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tí àgbàdo wá fà dé ìwọ̀n orúnkún láàárọ̀ yìí, àmì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Kò tíì dákẹ́."

"Àmì ṣọ́bìrì ni. Tàbí ti àpò. Ẹ kọ ọ́ sí má-gbọ́, kí á ríṣẹ́ ṣe."

Má-gbọ́ ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún ìwé kan tó wà nínú Alákòóso. Àmì tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, bí ó bá ń dáhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, Alákòóso yóò ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Wọ́n ṣe ìwé náà nítorí ṣọ́bìrì tí wọ́n gbàgbé sí kọ̀rọ̀ àti àpò tó já bọ́ sábẹ́ bẹ́líìtì, torí pé nǹkan wọ̀nyí náà ní àmì lára. Láti kọ àmì ènìyàn síbẹ̀, ó gba àtàǹpàkò ẹni méjì: ti alábòójútó, àti ti Fẹ̀yìntọ́lá.

"Ẹẹ́jọ ni nọ́ńbà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá," Fẹ̀yìntọ́lá wí. "Ti ṣọ́bìrì kì í fi ẹẹ́jọ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ ló ní àmì ẹlẹ́ẹ̀ẹ́jọ."

Ó tẹ nọ́ńbà náà sínú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Kò sí níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ti àwọn ará ìlú. Kò sí níbẹ̀ náà. Ó ku ìwé kan, èyí tí kì í fẹ́ràn láti ṣí, ìwé àwọn ìsáǹsá. Ojú pátákó mọ́lẹ̀.

LÀMÍDÌ ỌLÁÌYÁ. ÒṢÌṢẸ́ ÀKÁ. Ó SÁ LỌ.

Fẹ̀yìntọ́lá wo ife ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ti mu ún dé ìdajì. Àgbàdo àná ni wọ́n fi ṣe é, inú àká keje ni àgbàdo àná sì ti wá. Ó rọra ti ife náà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

Gbogbo ènìyàn ló mọ Làmídì. Ọmọkùnrin gíga kan tí kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà láìṣẹ̀fẹ̀. Láàárọ̀, kí olùpè tó pè é, òun fúnra rẹ̀ á na apá sókè, á ké pé, "Ó wà ńbẹ̀ o!" Nírọ̀lẹ́, tí Alákòóso bá ń kí olúkúlùkù bó ti ń jáde pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń retí yín," Làmídì á yíjú padà, á ní, "Ìyá mi nìkan ló ń retí mi, ẹ bá mi wá ìyàwó." Ní ọdún tí ọ̀dá kọ́kọ́ mú, òṣìṣẹ́ mélòó kan sá lọ sí etíkun. Wọ́n á fi bébà onírin wé apá, kí olùpè ẹnubodè má baà gbọ́ àmì wọn, wọ́n á sì fo odi. Nígbà tí wọ́n wá Làmídì tì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sẹ́ni tó wádìí púpọ̀. Wọ́n ní ó ti wé apá tirẹ̀ náà.

Ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ìsáǹsá kì í jìyà nìkan. Ìyá rẹ̀, tí kò fo odi kankan, ni olùpè ń tan iná pupa sí níbikíbi tó bá dé. Ìyá Làmídì ló ń gbẹ̀yìn lórí ìlà omi, òun ló ń gbẹ̀yìn lórí ìlà àgbàdo, ọ̀pọ̀ ìgbà ni oúnjẹ sì ń tán kó tó kàn án. Èyí tó burú jù ni pé kò rí ọmọ rẹ̀ sunkún. Òfin kò gbà kí wọ́n kírun sára ẹni tí ìwé ní ó wà láàyè. Bí ènìyàn bá kú, àgbà ilé rẹ̀ ni yóò yọ àmì rẹ̀, tí yóò fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà pe òkú mọ́. Àmì wo ni ó fẹ́ fọ́?

Akínrìnádé kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kò ṣe é ṣe. Àmì kò ní bátìrì. Ẹni tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, kí ni yóò fi dáhùn?"

"Nítorí pé kò ní bátìrì náà ni, ọ̀gá." Ohùn Fẹ̀yìntọ́lá ti lọ sílẹ̀. "Ohun tó ní bátìrì, bátìrì rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan. Àmì kò ní agbára tirẹ̀ rárá. Ìpè náà ni oúnjẹ rẹ̀. Tí olùpè bá pè é, agbára tó wà nínú ìpè yẹn ló fi ń jí, òun náà ló fi ń dáhùn. Tí a bá dákẹ́, ó tún sùn. A lè máa pè é títí ayé."

"Kí ló dé tí kò dáhùn látọjọ́ yìí?"

"Omi wà nínú àgbàdo, bó ti wù kó gbẹ tó. Àgbàdo tó kún àká gbé ìpè mì, kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ìdá kẹta tó wà nísàlẹ̀ àfi tí ìyàn bá mú. Ìyàn ti wá mú."

Akínrìnádé jókòó. Ó dà bíi pé ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n kò sun. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Ó ti ń bọ́ ìlú mẹ́rin láti ìgbà tí òjò ti kọ̀, kò sì ní sùn tí ọmọ kan bá ń ké lẹ́yìn odi.

"Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ó wí. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ló wà níta yẹn. Tí a bá kọ ọ́ síwèé pé òkú wà nínú àká, àwọn olùwádìí yóò wá ti ibí pa fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló wà fún àká mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ti ẹ̀kẹjọ àti ti ẹ̀kẹsàn-án, tó kù fún wa, kò ní lè jáde. Mélòó nínú wọn ni yóò bá wa níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún?" Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí ojú pátákó. "Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sí má-gbọ́. Làmídì fúnra rẹ̀, tó bá wà níbí, ohun tó máa sọ nìyẹn."

"Tí ẹ̀rọ bá sì yí? Ibo ni yóò gbà kọjá?"

Inú irin alọ́pọ̀ tó ń fa àgbàdo láti ìsàlẹ̀ àká ni, ibẹ̀ sì lọ sórí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì lọ sínú àpò.

Fẹ̀yìntọ́lá kò na àtàǹpàkò tirẹ̀. Nǹkan kan ti ń gún un láyà láti ìgbà tí orúkọ náà ti jáde, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá béèrè lónìí, òun kò ní lè béèrè mọ́ láé.

"Alákòóso," ó wí, "ọjọ́ tí wọ́n ní Làmídì Ọláìyá sá lọ. Ǹjẹ́ olùpè kankan ní àká keje gbọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Alákòóso wí. "Olùpè ẹnu ọ̀nà òkè gbọ́ àmì náà lẹ́ẹ̀mejì, ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò kà á sí ènìyàn. Mo yí ẹ̀rọ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ta ló ní kó pé ẹ̀ẹ̀mẹta?"

"Ìlànà Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni. Fẹ̀yìntọ́lá Adígún ló kọ ọ́."

Ó ti mọ̀ kó tó béèrè. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn olùpè ń ya wèrè. Bí ẹnìkan bá ń gba ẹ̀gbẹ́ àká lọ jẹun, olùpè yóò gbọ́ àmì rẹ̀ fìrí, lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ní ènìyàn wà nínú àká, gbogbo ẹ̀rọ yóò sì dúró. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n dúró nígbà mọ́kànlélógún. Akínrìnádé bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni Fẹ̀yìntọ́lá rántí ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní Àgọ́-Àrẹ. Ìyá náà máa ń sọ fún un pé tí wọ́n bá pè é nínú igbó, kó má tètè dáhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kíní lè jẹ́ iwin. Ẹlẹ́ẹ̀kejì lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí tó bá dún lẹ́ẹ̀kẹta, ènìyàn ni. Fẹ̀yìntọ́lá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó sì kọ́ Alákòóso bẹ́ẹ̀ gan-an: àmì tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, má kà á. Ariwo tán. Wọ́n fún un ní ìwé ìyìn, ó ṣì wà lára ògiri yàrá náà nínú gíláàsì, ní ìsàlẹ̀ òfin.

Ó rí gbogbo rẹ̀ báyìí. Àgbàdo ti dì lórí, Làmídì gba òkè wọlé láti fi igi tú u, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó ki apá bọ̀ ọ́, olùpè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ sínú rẹ̀, olùpè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Àgbàdo yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí olùpè fi pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, apá rẹ̀ ti wọ inú àgbàdo, ẹ̀rọ tí ó yẹ kó dúró dè é sì ti ń fà á lọ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti ké pé, "Ó wà ńbẹ̀ o!" Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

"Ìyá Olùpè," Akínrìnádé wí, jẹ́jẹ́, "tí àwọn olùwádìí bá tú ìwé yìí, orúkọ yín ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Èmi ni mo rọ̀ yín láti ṣe é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọ́n máa bá. Wọ́n lè fi yín sí ẹ̀wọ̀n títí ayé yín. Àtàǹpàkò kan péré ni."

Ẹ̀rù ba Fẹ̀yìntọ́lá. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ronú nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin tó lóyún ní Ìsẹ́yìn. Ó ronú nípa àwọn tó wà níta, ó sì gbójú sókè wo wọn nínú àwòrán tí olùpè ẹnubodè ń fi hàn. Orúkọ wọn ń yọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, funfun, funfun, funfun. Ní ìparí ìlà, ní ọ̀ọ́kán, pupa kan dá dúró. Obìnrin arúgbó kan ló wà níbẹ̀, ó gbé àpò òfìfo kọ́ èjìká. Àpò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣófo. Nǹkan róbótó kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ń fà á sílẹ̀, Fẹ̀yìntọ́lá sì ti máa ń rí i láti ọdún mẹ́ta láìbéèrè ohun tó jẹ́.

Lójijì ó mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ ọlọ ni. Arúgbó náà ti ń gbé e káàkiri ní gbogbo ibi tó bá ń lọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá rí ọmọ rẹ̀.

Ó dìde.

"Ọ̀gá, òfin ní ibi tí àmì bá ti dáhùn, ènìyàn wà níbẹ̀. Kò sọ pé kó jẹ́ alààyè. Alákòóso kò sì ní kí á pa á rẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń sọ ohun tó fẹ́ fún wa, àwa ni a kò gbọ́. Ó ní kí á jẹ́ kó jáde."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ mú un jáde. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà jáde ti kúrò nínú àká. Àwọn olùwádìí á wá, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èmi, kì í ṣe lọ́wọ́ àgbàdo. Kí ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbá ìyókù tó wà nínú keje dànù, kí ẹnikẹ́ni má fi kan ẹnu." Ó yíjú sí pátákó. "Alákòóso, pa Ìlànà Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rẹ́."

"Ta ló pa á láṣẹ?"

"Ẹni tó kọ ọ́. Sì kọ èyí sílẹ̀: Làmídì Ọláìyá kò sá. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà tí Fẹ̀yìntọ́lá Adígún ṣe ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

"Mo ti kọ ọ́," Alákòóso wí. Ohùn kan náà, jẹ́jẹ́.

Akínrìnádé ká àtàǹpàkò rẹ̀ padà sínú àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà ó mú okùn lórí ìṣó, ó tẹ̀lé e jáde.

Òkùnkùn ni inú àká keje, àfi ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ti òkè wá pẹ̀lú eruku nínú rẹ̀. Akínrìnádé di okùn mú lẹ́nu ọ̀nà. Fẹ̀yìntọ́lá wọ inú àgbàdo náà dé orúnkún, olùpè kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, jìnnà. Ó yà sí ọ̀tún, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dún kíkan díẹ̀ sí i. Bí ó bá ti ń súnmọ́ ọn ni ìdáhùn ń yá, títí ó fi di pé kò sí àyè mọ́ láàárín ọ̀kan àti èkejì. Gbogbo irun ara Fẹ̀yìntọ́lá dìde. Ìgbésí ayé rẹ̀ gbogbo ló ti fi ń kọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn, kò sì sí ìdáhùn kan tó tíì dà bíi pé ó ń dúró de òun rí.

"Làmídì," ó wí jẹ́jẹ́, "mo ti gbọ́. Má bínú. Mo ń bọ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa àgbàdo. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ aró ló kọ́kọ́ yọ. Kò bojú wo ìyókù púpọ̀. Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó ku yẹ̀rì, ó sì wé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń wé ọmọ tó sùn. Nígbà tó gbé e, ó yà á lẹ́nu pé kò wúwo. Ìyẹn ló mú un bú sẹ́kún. Ọkùnrin gíga yẹn, tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà láìtẹ orí.

Ó gbé e kọjá lábẹ́ olùpè.

"Ẹnìkan ló wọlé," Alákòóso wí. Gbogbo ẹ̀rọ gbohùngbohùn Òkè-Àká ló gbé e, tinú odi àti tìta. "Ẹni méjì ló jáde. Kò sí ènìyàn nínú àká keje mọ́. Làmídì Ọláìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa lọ síbi tí wọ́n ti ń retí yín."

Bẹ́líìtì mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àgbàdo àká kẹjọ tú jáde. Kò sí ẹnì kan níta tó pariwo.

Alákòóso kì í ṣe iṣẹ́ dé ìdajì. Ní ìṣẹ́jú kan náà tí ó yọ orúkọ kan kúrò nínú ìwé ìsáǹsá, iná pupa tó wà ní ìparí ìlà di funfun, ilẹ̀kùn odi sì ṣí fún Ìyá Làmídì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta. Àwọn èrò yà fún un. Ó rìn wọlé pẹ̀lú àpò rẹ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, títí ó fi dé ibi tí Fẹ̀yìntọ́lá kúnlẹ̀ sí lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Wọ́n pe orúkọ ọmọ mi," ó wí.

"Ìyá, ẹ jókòó."

"Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lórí ìdúró. N ò jókòó." Ó gbé etí aṣọ náà sókè, ó wo apá ẹ̀wù iṣẹ́ náà, níbi tí ẹnìkan ti fi òwú dúdú lẹ̀ ẹ́. "Èmi ni mo lẹ èyí," ó wí. "Ó ní kí n lo òwú tó bá aṣọ mu. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ta ló fẹ́ wò ó nínú àká?" Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní ó sá, mo sì mọ̀ pé kò lè sá. Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá."

Fẹ̀yìntọ́lá lè fi í síbẹ̀. Ọpẹ́ náà ti wà nílẹ̀, ó kù kó mú un.

"Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyá. Lọ́jọ́ yẹn, ó dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dáhùn. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ pé kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Arúgbó náà gbójú sókè wò ó. Àgbàdo ń dà sórí bẹ́líìtì lẹ́yìn wọn.

"Ta ló kọ́ ìwọ náà bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá àgbà mi ni."

"Ìyá tèmi náà kọ́ mi," Ìyá Làmídì wí. "Èmi náà sì kọ́ Làmídì. Mo ní, tí wọ́n bá pè ọ́, dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta." Ó nawọ́ sí olùpè kékeré tó wà lọ́wọ́ Fẹ̀yìntọ́lá. "Pè é."

Fẹ̀yìntọ́lá tẹ̀ ẹ́. Ó dún. "Làmídì Ọláìyá," ni olùpè wí, "ó wà."

"Tún un pè."

Ó tún dún. "Làmídì Ọláìyá. Ó wà."

Fẹ̀yìntọ́lá wo arúgbó náà, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

"Pè é lẹ́ẹ̀kẹta," Ìyá Làmídì wí.

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Làmídì Ọláìyá. Ó wà."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi," ìyá rẹ̀ wí. "Ó tó. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè ọ́, má dáhùn mọ́."

Ó jókòó wàyí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àmì náà nínú apá ọmọ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ó gbé e sórí òkúta, ó yọ ọmọ ọlọ jáde nínú àpò, ó sì fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akínrìnádé ṣí fìlà. Ìyá Làmídì nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ní kí wọ́n lọ pe lèmọ́mù, kí wọ́n sì pọn omi wá. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fẹ̀yìntọ́lá.

"Ọ̀rọ̀ èmi àti ìwọ ṣì wà nílẹ̀," ó wí. "Jẹ́ kí n sin ọmọ mi ná."

"Mo ń dúró dè yín, ìyá."

Wọ́n gbé Làmídì lọ. Fẹ̀yìntọ́lá kù níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú olùpè lọ́wọ́, kò sì mọ̀ pé àtàǹpàkò òun ti tún tẹ̀ ẹ́. Olùpè bi afẹ́fẹ́ léèrè pé ta ló wà níbẹ̀. Ó dúró, ó tún béèrè, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Àmì kan ṣoṣo ló dáhùn, inú apá òun fúnra rẹ̀ ni.